Ohun Tí Mo Sọ Nípa Ọ̀gá

"Wọ́n ní ọmọ jẹ́jẹ́ yẹn…"

"Èwo? Èyí tí kì í lanu?"

"Òun náà mà ni. Ó dé iwájú àwọn àgbà ẹgbẹ́, ó ní Ọ̀gá…"

"Ó ní Ọ̀gá ṣe kí ni?"

"Pé ìwé tí Ọ̀gá kọ lórí ilé tó jó yẹn, ó mọ̀ọ́mọ̀… Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀. Ògiri létí."

Ògiri létí lóòótọ́, torí èmi ni mo wà lẹ́yìn ògiri náà tí mo ń wá fáìlì. Èmi náà sì ni ọmọ jẹ́jẹ́.

Iṣẹ́ wa ni kí a máa yẹ òfò wò. Bí ilé ẹnìkan bá jó, tàbí tí ọkọ̀ ẹnìkan lọ forí sọ òpó, iléeṣẹ́ adójútòfò á rán wa lọ wò ó bóyá bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ló rí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ka ìwé ẹ̀, èmi tí n kò jókòó ní kíláàsì rí, tó jẹ́ ìyá mi ló kọ́ mi ní a, b, d lórí tábìlì ilé ìdáná. Mo yege gbogbo ìdánwò. Lọ́jọ́ Ajé, mo jókòó níwájú àwọn àgbà mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ oníṣẹ́ wa ní àjà kẹta ilé tí ọ́fíìsì wa wà yìí náà, wọ́n bi mí ní ìbéèrè, wọ́n ní mo yege níbẹ̀ náà. Ó ku ẹyọ kan: kí Ọ̀gá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù pé lábẹ́ òun ni mo ti kọ́ṣẹ́, kí ó dé òkè kí aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì tó lù. Bí kò bá dé, ó di ọdún méjì sí i kí n tó tún lè gbìyànjú.

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀hún la wà. Aago méjì ti kọjá. Fọ́ọ̀mù wà lórí tábìlì Ọ̀gá láti ìjẹta, kò fọwọ́ kàn án.

Ara mi ò balẹ̀. Mo jókòó, mo dìde. Mo bu omi, n kò mu ún. Mo to fáìlì tí mo ti tò tẹ́lẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà wa, ẹni tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wò mí títí. "Àbúrò, ṣé èèrà wà lórí àga yẹn ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló sọ ọ̀rọ̀ mi fún yín?"

"Akọ̀wé ni. Má sọ pé èmi ni mo sọ o."

Akọ̀wé ní Ìyá Afọlẹ̀, tó ń nu ilẹ̀ gbogbo àjà ilé yìí, ló sọ fún òun. Ọ̀gá ló kọ́ mi pé bí ìtàn kan bá ti di méjì, kí n padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ rí i. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn.

"Má tẹ ibẹ̀, ó ṣì tutù!" Ìyá Afọlẹ̀ na igi ìnulẹ̀ sí mi.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́. Kí lẹ sọ fún Akọ̀wé nípa mi?"

"Mo yìn ọ́ ni! Mo ní ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ti sọ̀rọ̀ o, pé ó ní Ọ̀gá ṣàṣìṣe. Ibi tí mo bá a dé nìyẹn tí fóònù rẹ̀ fi dún, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kálọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá."

"Pẹ̀lú sálúbàtà yìí?"

Ọ̀gá ò gbé orí sókè nígbà tí a wọlé. "Ṣé o sọ pé mo kọ irọ́?"

Ó rọrùn kí n ní n kò sọ nǹkan kan.

"Mo ní ẹ ṣàṣìṣe, sà. N kò ní ẹ purọ́."

"Yéè!" Dẹ́rẹ́bà ló ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lo tún sọ?" Ọ̀gá bi mí.

"Ẹ má gbà á lẹ́nu mi, sà. Èmi ni ọ̀rọ̀ kàn. Ìyá ń nu ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà àwọn àgbà lọ́jọ́ Ajé, ilẹ̀kùn sì ṣí."

Ọ̀gá fa ìwé tí a fi ń gba ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí sílẹ̀ yọ.

"Ìyá, ẹ jókòó. Ẹ má sọ ohun tí ẹ rò. Bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gan-an ni kí ẹ sọ."

Ìyá Afọlẹ̀ wúkọ́, ó di ojú.

"Ọ̀kan nínú wọn, onígíláàsì ojú, bi í pé kí ló kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ tí kò sí nínú ìwé. Ó dákẹ́ títí, mo rò pé ó ti sùn. Ó wá ní: 'Ọ̀gá mi ṣàṣìṣe lórí ilé tó jó. Ó kọ ọ́ pé onílé ló gbàgbé ìkòkò sórí iná. Mo padà lọ wo wáyà, mo rí i pé ibẹ̀ ni iná ti ṣẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mo sọ fún un.'"

Ọ̀gá ò kọ̀wé mọ́. Ó ti fa fọ́ọ̀mù mi sọ́dọ̀, ó ń ṣí bírò.

"Ẹ parí ẹ̀, Ìyá."

"Ó ní: 'Ó tẹ̀ lé mi padà lọ síbẹ̀ nínú òjò, ó wò ó, ó fa ìwé rẹ̀ ya, ó sì lọ bẹ onílé fúnra rẹ̀. N kò tíì rí àgbàlagbà tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí mo kọ́ nìyẹn, sà.'"