Lẹ́tà Tó Padà Wá

Nínú-Ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì, nítorí kò lè sọ̀rọ̀ kó má fi ìṣirò kún un. Bí òjò bá ṣú, á ní ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ni pé kò ní rọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ka iye obìnrin tó wá nínú àwọn tí wọ́n fi lẹ́tà pè fún àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọmú ní agbègbè wọn, kó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn agbègbè àti orílẹ̀-èdè mìíràn, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ń ṣe dáadáa àti ẹni tó ń rẹ̀yìn.

Lọ́dún yẹn, ipò kẹfà ni wọ́n wà. Ọ̀gá rẹ̀ fajú ro.

"Kí làwọn tó wà níwájú wa ń ṣe tí àwa ò ṣe?"

Ó fi ọ̀sẹ̀ kan yẹ ìṣirò wọn wò, ó sì rí i. Àwọn kan kì í ka obìnrin tí lẹ́tà ìpè rẹ̀ bá padà wá pé kò gbé ilé náà mọ́. Ẹni tí lẹ́tà ò bá, wọ́n ní a ò pè é. Ẹni tí a ò sì pè, a ò lè ní kò wá. Ó jọ òótọ́, irú òótọ́ tó máa ń dùn lẹ́nu ẹni tó fẹ́ gba oyè.

"Àwa náà á yọ wọ́n," ni ọ̀gá wí.

Nínú-Ọgọ́rùn-ún fa àmì pupa sára àwọn lẹ́tà tó padà wá, ó fi rọ́bà dì wọ́n ní ogún-ogún, ó kó wọn sí páálí. Iye ló ń kà, kò ka orúkọ. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé díẹ̀ ni wọ́n. Bó ṣe yọ wọ́n, agbègbè wọn fò bọ́ sí ipò kejì, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Inú rẹ̀ dùn, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọn.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, ní kó bá òun lọ sí ọsibítù. Kókó kan wà lọ́mú rẹ̀. Nígbà tí èsì dé, àrùn náà ti ràn dé egungun.

"Màmá, ṣé ẹ ò lọ ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n ń pe àwọn ẹgbẹ́ yín sí ni?" ni dókítà béèrè.

"Wọn ò pè mí rí o. Àbúrò mi tó jókòó yìí ló ń bá wọn ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá pè mí, ṣé n ò ní lọ ni?"

Àbúrò ń wo ilẹ̀. Ọdún méjì sẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó kúrò nílé àtijọ́. Òun gan-an ló bá a gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Kò sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rí bóyá lẹ́tà kankan dé.

Ó padà sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń tú rọ́bà. Nínú ìdì kọkànlélọ́gọ́rin ló ti rí orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àmì pupa gbọọrọ lára rẹ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú lẹ́tà náà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n pè yín. Lẹ́tà yín ló padà wá, inú páálí kan ní ọ́fíìsì ni mo ti tú u jáde. Èmi ni mo yọ yín kúrò nínú ìṣirò, kí ipò wa lè dára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

Ẹ̀gbọ́n gba lẹ́tà náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn bí aṣọ tí wọ́n fẹ́ gé.

"Ipò kelòó lẹ wá ṣe?"

"Ìkejì, mà."

"Ó mà ṣe o. Ọmú mi ò tiẹ̀ lè gba ipò kìíní fún yín."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, ẹkún sì gba àwọn méjèèjì. Nígbà tó yá, ó nu ojú rẹ̀.

"Èmi ní àbúrò tó lè tú páálí wá mi. Àwọn tó kù nínú ẹ̀ ńkọ́? Ta ló ń wá wọn?"

Orúkọ tó lé ní ẹgbẹ̀jọ ni àbúrò ti kà kọjá lánàá, tó ń wá ẹyọ kan ṣoṣo. Kò rántí ìkankan nínú wọn.