Ohun Tí Módẹ́ẹ̀mù Gbé Mì

Ojú wọn ṣe mẹ́rin lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí èrò ti fún mọ́ra bí ìṣáná inú páálí. Nọ́ọ̀sì gbá láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ mọ́ àyà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ gbójú sókè, irin ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ sún síwájú jàre!" ni ìyá àgbà kan pariwo láti ẹ̀yìn. "Ṣé ojú lẹ wá rà ni?"

"Bọ̀dá, ẹ gbà mí," ni nọ́ọ̀sì wí. "Aago mẹ́rin ni ilé ìwòsàn ńlá kan máa ti fọ́ọ̀mù iṣẹ́ wọn pa. Fóònù mi sì ti já sómi."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, àǹtí. Irú ojú yìí kì í ṣe ojú ẹkún."

Ó ti módẹ́ẹ̀mù tirẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń fa íńtánẹ́ẹ̀tì wá, bọ ẹ̀gbẹ́ láàpútọ́ọ̀pù náà. Iná rẹ̀ pọ́n, ó ṣẹ́jú, ó di àwọ̀ ewé. Nígbà tí fọ́ọ̀mù béèrè nọ́ńbà, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fi ti módẹ́ẹ̀mù yìí sí i. Síìmù wà nínú rẹ̀, ó ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ bíi fóònù. Bí wọ́n bá ti pè yín, èmi ni màá sáré wá sọ."

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wáyà ni àdúgbò ń pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà, torí ó gùn, ó sì tín-ín-rín. Kò pé oṣù mẹ́ta tó fi ní kí nọ́ọ̀sì fẹ́ òun.

"Orí ìwé ni kí o kọ èsì rẹ sí," ló wí. "Ohun tó bá wà nínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ lè pa á rẹ́."

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtìjú ò jẹ́ kó lè fi í lé e lọ́wọ́. Oṣù kan gbáko ni lẹ́tà náà fi sùn nínú báàgì láàpútọ́ọ̀pù.

"Ṣé ilé ìwòsàn ti fèsì?" ló máa ń bi Wáyà.

"Wọn ò tíì fọhùn, olólùfẹ́. Ẹni tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ń gbà níbẹ̀."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Wáyà wà lábẹ́ tábìlì, ó ń so okùn iná. Nọ́ọ̀sì mú módẹ́ẹ̀mù, ó tì í bọ láàpútọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀, ó sì tẹ ibi àtẹ̀jíṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí. Ilé ìwòsàn náà pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti kọ ọ́, ọjọ́ tí wọ́n dá sì ti kọjá. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò tíì kà, àwòrán àpòòwé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa ń wà ní pípadé. Ti èyí ti ṣí.

"Wáyà, ta ló ka èyí?"

Wáyà jáde lábẹ́ tábìlì, ojú rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ̀rù ló bà mí. Bóo bá débẹ̀, àwọn dókítà á gbà ọ́ lọ́wọ́ mi. Kí ni èmi já mọ́?"

"Kí ló dé tí o ò pa á rẹ́?"

"Orúkọ rẹ ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ mi ò gbà á."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín kan tó korò bí jogbo. Ó yọ módẹ́ẹ̀mù, iná rẹ̀ kú, ó gbé e sórí tábìlì. Ó wá fa lẹ́tà tó ti ká létí yọ nínú báàgì.

"Ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó pè mí ni mo ti kọ èyí. Mo ní mo gbà láti fẹ́ ọ. Mo ní bí wọ́n bá fún mi níṣẹ́ náà, a jọ ń lọ ni." Ó gbé báàgì kọ́ èjìká. "Ohun tó ti jẹ́ tìrẹ lo jí."

Ó sì fi lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́.