Kòkó fún Ẹni Tí Yóò Kù

Agbọ̀n tó kẹ́yìn ni Ilésanmí ń so mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀ nígbà tí Rachel, ìyàwó rẹ̀, yọ sí ẹnu ọ̀nà. Ọmọ kòkó ló kún inú agbọ̀n, olúkúlùkù nínú ọ̀rá dúdú tirẹ̀, ewé wọn ń dán. Rachel ló bu omi rin wọ́n ní gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀. Òjò ti wá bẹ̀rẹ̀ ní Odígbó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gbìn lọ́dún tó kọjá sì ti ga tó láti ṣíji bò wọ́n. Ìgbà tó yẹ kí wọ́n wọlẹ̀ gan-an ni ọkọ rẹ̀ ń kó wọn lọ tọrẹ yìí.

"Bàbá Oríyọmí, ṣé ẹ ti pinnu?"

"Olúwa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, Rachel. Ṣebí ìwọ náà gbọ́ ohun tí ajíyìnrere yẹn sọ ní Ore."

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n. Rachel gbé ọkọ́ rẹ̀ lé èjìká, ó gba ọ̀nà oko lọ.

Láti ìgbà ìsọjí tí wọ́n ṣe lẹ́bàá gáréèjì Ore ni ọkàn Ilésanmí kò ti balẹ̀ mọ́. Ajíyìnrere náà ka ogun, ìyàn àti ìsẹ̀lẹ̀ lọ rẹrẹ, ó fi wọ́n wé èdìdì inú ìwé Ìfihàn, ó ní ohun gbogbo ti pé. "Ìwọ tó ò ń gbin igi tí yóò so lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ta ló máa ká a?" Àfi bíi pé òun ló ń bá wí. Háà, ọkùnrin tó jẹ́ pé kòkó ló fi tọ́ gbogbo ọmọ rẹ̀! Ó gbàdúrà títí, ó wá rántí Jàmíátù, tí ààlà oko wọn pa pọ̀ lọ́nà Ajue. Mùsùlùmí ni, èèyàn dáadáa sì ni. Ẹni tí yóò kù sílẹ̀ láyé kò ní ṣàì rí kòkó lò. Lójú tirẹ̀, àánú gidi nìyẹn.

Táyà jò lójú ọ̀nà. Kí ó tó rí ẹni bá a lẹ̀ ẹ́, oòrùn ti ga. Jàmíátù ń ṣa ẹyìn lára ìdì rẹ̀ nígbà tó dé. Obìnrin náà fi ọjọ́ orí jù ú lọ dáadáa. Bó ṣe rí àwọn agbọ̀n, ó hó, ó súre, kí ó tó béèrè:

"Kí ló dé tí o fi ń kó wọn fún mi? Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Kò sí nǹkan, ẹ̀gbọ́n. Jésù ló ń bọ̀. Mi ò ní sí láyé mọ́ nígbà tí wọ́n bá máa so."

"Èmi ńkọ́?"

Ilésanmí ń wo bàtà rẹ̀.

Jàmíátù bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Ilésanmí, o ti fi mí sílẹ̀ kí Olúwa rẹ tó dé! Àwa náà ń retí rẹ̀, Ànábì Ìsà, àbí o ò mọ̀? Bó bá dé lónìí, ìdí ẹyìn yìí ló máa bá mi. Kó kòkó rẹ, jàre. Ìyàwó ẹ ti ń gbẹ́lẹ̀ lọ́hùn-ún, mò ń gbọ́ ìró ọkọ́ ẹ̀."

Ojú ti Ilésanmí. Ojú tì í gan-an. Ó bẹ̀ ẹ́ títí pé kó gba agbọ̀n kan. Jàmíátù gbà á, ó ní ẹ̀bẹ̀ lòun gbà o, òun ò gba ogún.

Lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, Rachel ti gbẹ́ kòtò dé àárín oko. Ilésanmí sọ àwọn agbọ̀n tó kù kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fi abẹ ya ọ̀rá, ó rọra gbé ọmọ kòkó àkọ́kọ́ sínú ilẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ ìdí rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ẹsẹ Bíbélì kan sọ sí i lọ́kàn, èyí tó ti kà láìmọye ìgbà: àwọn méjì yóò wà ní oko, a ó mú ọ̀kan, a ó sì fi èkejì sílẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó ń kà á, òun ni ẹni tí wọ́n mú. Kò rí ojú èkejì rí. Ó gbójú sókè, ó rí Rachel tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn, erùpẹ̀ wà níwájú orí rẹ̀. Àwọn méjèèjì nìkan ló wà nínú oko.

"Olúwa," ó wí jẹ́jẹ́, "jọ̀ọ́, bí O bá dé, kó wa pọ̀."

"Kí lẹ wí?"

"Kò sí."

"Ẹ mú òmíràn wá nígbà náà. Òjò ti ṣú."

Ilésanmí na ọmọ kòkó mìíràn sí i.