Sípíkà Méje Yí Bàbá Réfirí Ká

"Méje," ni Máníjà wí. "Mo ní méje. Èwo ni ti márùn-ún tí ẹ ń pè?"

Oníṣẹ́ ẹ̀rọ tó wá so sípíkà mọ́ ògiri wú ikọ́. Orí àkàbà ló wà. Bàbá Réfirí mọ̀, torí òkè ni ikọ́ náà ti wá.

"Ọ̀gá, pálọ̀ yín ò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Márùn-ún á kún un dáadáa. Tó bá pé méje, méjì á dúró lẹ́yìn ẹni tó bá jókòó sórí àga àárín yìí, wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sọ̀rọ̀ sí i létí."

"Ohun tí mo ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Bàbá mi ni mò ń ṣe é fún."

Bàbá Réfirí, tó jókòó sórí àga àárín náà, kọ ojú síbi tí ohùn ọmọ rẹ̀ ti wá. "Èmi?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Ẹ ò lè rí àwòrán, àmọ́ ẹ ó máa gbọ́ gbogbo nǹkan bí ẹni pé ẹ wà níbẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ń bọ̀ lẹ́yìn nínú sinimá, ẹ̀yìn yín gan-an lẹ ó ti gbọ́ ọ."

"Kí wá ni ọkọ̀ ń wá lẹ́yìn mi nínú ilé?"

Oníṣẹ́ ẹ̀rọ fi ẹ̀rín rẹ̀ pa mọ́ sínú ikọ́ mìíràn. Máníjà ò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí Lọ́yà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ní òpópónà kejì, ti pè é wá gbọ́ sípíkà márùn-ún tó wà nílé tirẹ̀, ni ara Máníjà ò ti balẹ̀ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ò kúkú fẹ́ràn sinimá tó bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó kọ orúkọ àwọn òṣèré tán, ó ti ń han orun. Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹni tó ń han orun ò gbọdọ̀ ní sípíkà méje?

Ni wọ́n bá so méje.

Kí ojú Bàbá tó lọ, réfirí bọ́ọ̀lù ni. Gbogbo ìgbà tó fi ń fọn fèrè lórí pápá ni àwọn òǹwòran fi ń pariwo pé kò ríran. Nígbà tí kò wá ríran lóòótọ́, òun ló kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́: "Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wí i. Ojú ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ tiwọn." Lẹ́yìn yẹ̀yẹ́ náà ló wá jókòó, ó sì kọ́ ilé ọmọ rẹ̀ lákọ̀tun pẹ̀lú etí. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló ń wọ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì nílẹ̀. Fíríìjì tó ń kùn ló ń júwe ilé ìdáná fún un. Ilẹ̀kùn àbáwọlé, tó wà lẹ́yìn àga rẹ̀, máa ń ké lẹ́ẹ̀kan tó bá jẹ́ ará ilé ló ṣí i. Tó bá jẹ́ àlejò, á ké, á dákẹ́, á tún ké, torí àlejò máa ń dúró yọjú ná. Èyí ni kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa Bàbá lọ́wọ́. Ó ń lọ wẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń bu omi fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá na ọwọ́ sí i pé kó jẹ́ kí òun mú un lọ, á bi onítọ̀hún pé, "Àbí ìwọ lo sọ nù?"

Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Lọ́yà dé. Ilẹ̀kùn ké, ó dákẹ́, ó tún ké, Bàbá sì ní, "Lọ́yà, wọlé o," kí ẹnikẹ́ni tó ya ẹnu. Inú rẹ̀ dùn sí èyí. Àmọ́ lẹ́yìn èyí, yóò pẹ́ díẹ̀ kí inú rẹ̀ tó tún dùn.

Wọ́n tan sinimá. Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn tún fi ké lẹ́yìn Bàbá. Ẹsẹ̀ rìn wọlé, obìnrin kan sì ní, "Ẹ ǹlẹ́ nínú ilé o."

Bàbá yíjú padà. "Ẹ káàbọ̀, ìyá. Ẹ máa bọ̀, àyè wà níbí."

Lọ́yà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Máníjà na ọwọ́ lu itan. "Ṣé o rí i? Ó dún bí òótọ́ débi pé bàbá mi ń fún un láyè ìjókòó."

"Tèmi ò dé ibẹ̀ yẹn o," ni Lọ́yà wí. "Mo gbà fún ọ."

Orí Máníjà wú bíi búrẹ́dì inú ààrò. Bàbá kọ ojú síwájú, ó sì bá ara rẹ̀ ṣàdéhùn pé ohun yòówù tó bá tún sọ̀rọ̀ lẹ́yìn òun, òun ò níí dá a lóhùn.

Nínú sinimá, òjò bẹ̀rẹ̀. Ó ń rọ̀ lọ́tùn-ún, ó ń rọ̀ lósì, ó ń rọ̀ lẹ́yìn. Bàbá ò gbọ́ fíríìjì mọ́. Kò gbọ́ aago ara ògiri. Ohùn obìnrin kan ní, "Bàbá, tíì yín rèé," létí ọ̀tún rẹ̀, Bàbá sì fi ọwọ́ lé e dànù bí ẹni ń lé eṣinṣin.

Ìgbà tí ife lu ilẹ̀ ló mọ̀.

"Ìyàwó mi, ìwọ ni?"

"Èmi ni, Bàbá. Kò ṣe nǹkan."

"Ó jó ọ."

"Ọwọ́ lásán ni. Ẹ má da ara yín láàmú." Ó ti ń lọ. Bàbá tẹ́tí kó gbọ́ bàtà òsì tó ń wọ́ nílẹ̀, kó gbọ́ omi ẹ̀rọ tí yóò fi tu ọwọ́ lára. Òjò nìkan ló gbọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni Máníjà wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ohùn ẹni tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ níwájú àlejò. "Ẹ kàn jókòó jẹ́ẹ́. Ohun tẹ́ ẹ bá ń fẹ́, ẹ pè wá, a ó máa fà yín lọ́wọ́."

Bàbá dìde.

"Pa á."

"Bàbá, ibi tó dùn la dé yìí."

"Ó dáa."

Ó yí sẹ́yìn àga, ó fi ọwọ́ wá òpó irin tí sípíkà àkọ́kọ́ dúró lé, ó tọ wáyà rẹ̀ lọ sókè dé ìdí, ó sì fà á yọ. Òjò dá lápá kan. Ó rìn dé ìkejì. Ìyẹn náà dá.

"Ó ti di márùn-ún," ni Máníjà wí kíákíá. "Márùn-ún náà dáa, Bàbá. Iye ti Lọ́yà nìyẹn. Ẹ fi í mọ bẹ́ẹ̀."

Bàbá ti ń fi ọwọ́ pa ògiri ọ̀tún.

"Bàbá, ẹ rọra," ni Lọ́yà dá sí i. "Iná ló wà nínú nǹkan wọ̀nyẹn."

"Lọ́yà, lórí pápá, ẹni tó bá ń bá réfirí jiyàn, ìta ló ti máa ń wo ìyókù." Ó fà á. Ó kọjá sí ògiri òsì, ó fa tibẹ̀ náà.

"Mẹ́ta, Bàbá. Ẹ jẹ́ ó ku mẹ́ta. Ìwájú yín ni gbogbo wọn wà."

"Èwo ló wà láàárín?"

Bàbá wá a títí ó fi rí i, ó sì yọ tirẹ̀ náà.

"Ilé mi ni o, Bàbá." Ohùn Máníjà ò rọ̀ mọ́.

"Ilé rẹ ni. Mi ò jà ọ́ níyàn. Tí o bá fẹ́, so méje padà, so mẹ́rìnlá. Ṣùgbọ́n kó tó di ọ̀la, wá ilé mìíràn tí wàá gbé mi lọ. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ, kó dúró níwájú mi kó sọ ọ́. Ẹ̀yìn mi, ènìyàn ló ni ín. Mo ti fọ́jú lẹ́ẹ̀kan, ọmọ mi. Mi ò ní fọ́jú lẹ́ẹ̀kejì nítorí Lọ́yà."

Ó padà sórí àga rẹ̀, kò fara gbún ohunkóhun, ó jókòó. Sinimá ń lọ lórí sípíkà méjì iwájú. Òjò náà ti kéré, ó ti di òjò tó ń rọ̀ nínú àpótí. Lọ́yà rántí pé ẹnì kan ń dúró de òun nílé. Ilẹ̀kùn ké lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹni tó ń sá lọ kì í yọjú. Láti ilé ìdáná ni Bàbá ti wá gbọ́ omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn, tó ń ṣàn, tó wá dá. Bàtà òsì wọ́ nílẹ̀ bọ̀.

"Ó ti rọlẹ̀, Bàbá," ni ìyàwó wí.

"Má bínú sí mi."

"Èmi ò bínú. Sípíkà ni mo bínú sí."

Nígbà náà ni Máníjà dìde lórí àga rẹ̀. Bàbá gbọ́ bó ṣe kọjá lẹ́bàá òun, bó ṣe dúró lẹ́yìn òun gan-an, níbi tí àwọn òpó irin wà. Eékún rẹ̀ dún, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọwọ́ kan wáyà nílẹ̀.

Bàbá ò yíjú. "Kí lò ń ṣe lẹ́yìn mi?"

"Níbo ni kí n kó márùn-ún wọ̀nyí sí?"

"Kó wọn fún Lọ́yà. Kí tirẹ̀ pé mẹ́wàá."

Ẹni tó wà lẹ́yìn ò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Bàbá tẹ́tí, ó sì gbọ́ tí wáyà ń fi ara ra ilẹ̀, díẹ̀díẹ̀, lọ sọ́wọ́ ẹni tó ń ká a.