Orúkọ Tó Wà Láàárín Ìtàn

Bí ẹ bá kan ilẹ̀kùn Hamdalah ní Ìgàndó ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tí kò dáhùn, ẹ má bínú. Abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì ló wà, ó ń làágùn, ó ń ka ìtàn sínú fóònù, kí ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò má baà bá a wọlé. Iṣẹ́ tó ń ṣe jẹun nìyẹn láti ìgbà tí Abdulmuiz, ọkọ rẹ̀, ti kú. Ó ń kọ ìtàn, ó ń fi ohùn ara rẹ̀ kà á, ó sì ń fi í ránṣẹ́ lórí Wásáàpù sí àwọn tó ń san owó oṣù.

Nígbà tí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìtàn rẹ̀ kiri lọ́fẹ̀ẹ́, tí àwọn tó ń sanwó sì ń dín kù, ó dá ọgbọ́n kan. Bí ìtàn bá dùn dé àárín, á dákẹ́ díẹ̀, á wá pe orúkọ ẹni tó fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí: “Ìyá Mùtíù, ṣé ẹ ṣì ń gbọ́ mi?” Oníkálukú ló ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó bá jí i fún ayé, orúkọ ara rẹ̀ ló ń pín kiri yẹn. Ọwọ́ wọn sì rọlẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ohun tí Hamdalah kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé orúkọ pípè yẹn gan-an ló ń mú inú rẹ̀ dùn. Ọ̀sẹ̀ kan lè lọ kí ẹnikẹ́ni má bi í léèrè bó ṣe sùn. Abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì nìkan ló ti ń bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Ti Olúfúnkẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló máa ń kà gbẹ̀yìn, kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tíṣà ní Ẹ̀gbẹ́dá fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Olúfúnkẹ́ tó ríṣẹ́ ọ́fíìsì, tó kó lọ sí Ìpájà. Láti Ìpájà sí Ìgàndó kì í kúkú ṣe ìrìn àjò Mẹ́kà, àmọ́ ó ti pẹ́ tí Olúfúnkẹ́ ti dé ilé rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ nìkan ló ń wá ní gbogbo Jímọ̀: “Ọ̀rẹ́ mi, ó dùn gan-an. Ọlọ́run á fún ẹ lọ́gbọ́n sí i.” Hamdalah á tún un gbọ́ títí.

Lọ́jọ́ Ajé kan, òtútù mú un, ohùn rẹ̀ há, ló bá lọ ra oògùn ní kẹ́míìsì kan ní Ìkòtún. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀, Charity lorúkọ rẹ̀, gbé fóònù sórí káńtà, ìtàn ń lọ. Hamdalah mọ ohùn ara rẹ̀. Ó fẹ́ bínú, ó tiẹ̀ ti yanu, nígbà tí ohùn inú fóònù dákẹ́ díẹ̀, tó ní: “Olúfúnkẹ́, ọ̀rẹ́ mi, ṣé o ṣì ń gbọ́ mi?”

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló wà. Ó fi ohùn híhá bèèrè ibi tí Charity ti rí i. Ọmọ náà, tí kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ní àǹtí kan ní Ìpájà ló máa ń fi í sínú gúrúùpù àwọn, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

“Mo máa ń jowú Olúfúnkẹ́ yẹn o, mà,” ni Charity wí. “Ó wù mí kí ẹnì kan máa bi èmi náà bẹ́ẹ̀.”

Hamdalah gba oògùn, ó bọ́ síta. Kò tíì rìn jìnnà tí ìbínú olè jíjà yẹn fi tán, tí nǹkan mìíràn wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Kò sọ ọgbọ́n orúkọ yẹn fún Olúfúnkẹ́ rí, torí ó fẹ́ kó bá a nínú ìtàn fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀, ṣé á tún máa fi í ránṣẹ́ kiri? Àbí Olúfúnkẹ́ ò tíì gbọ́ ẹyọ kan rí ni? Ẹkún gbọ̀n ọ́n lójú títì.

Síbẹ̀, ó ní kóun má dá ọ̀rẹ́ òun lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, tí ohùn ti là, kò ka ìtàn fún Olúfúnkẹ́. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló bá a sọ, ó sì gùn tó ìtàn.

“Olúfúnkẹ́, mo mọ̀ pé ìwọ lò ń pín in. Mi ò bínú. Látìgbà tí Abdulmuiz ti kú, mi ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ mọ́. Jọ̀ọ́, wá kí mi lọ́jọ́ Àìkú. Màá se ìrẹsì.” Gbogbo ohun tó ti ń dá gbé mì láti ọjọ́ yìí ló sọ, títí kan àwọn ọjọ́ tó jẹ́ pé rédíò ló ń kí. Níparí, bó ṣe máa ń ṣe lópin ìtàn kọ̀ọ̀kan, ó ka nọ́ńbà fóònù rẹ̀.

Ó fi í ránṣẹ́ ní Jímọ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni èsì dé, bẹ́ẹ̀ ìdajì wákàtí gbáko ni ọ̀rọ̀ tí Hamdalah sọ: “Ọ̀rẹ́ mi, tọ̀tẹ̀ yìí ló dùn jù.”

Ẹyin lohùn. Kí ó tó di ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, inú gbogbo gúrúùpù ni ẹkún Hamdalah wà. Ìtìjú mú un débi pé kò jáde ra omi. Ó ń pa àwọn ohùn àjèjì rẹ́ láìgbọ́ wọn, àfi ẹyọ kan tí ọwọ́ rẹ̀ ṣèèṣì tẹ̀.

“Ẹ kú ọ̀sán, mà. Charity lorúkọ mi, kẹ́míìsì kan ní Ìkòtún ni mo ti ń tajà. Olè la ti ń jà láti ọjọ́ yìí, mi ò mọ̀ ni, ẹ dárí jì mí. Mo mọ̀ pé èmi kọ́ lẹ ń bá sọ̀rọ̀. Àmọ́ mo gbọ́ ọ dé ìparí.”

Lọ́jọ́ Àìkú, Hamdalah se ìrẹsì, ó gbọ́lẹ̀, ó jókòó sí ojú fèrèsé. Àwọn tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì darí wálé, wọ́n kọjá. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìta wọlé. Ìrẹsì tutù. Olúfúnkẹ́ kò wá, kò pè, kò sì mọ̀ pé ẹnì kan ń retí òun.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, Hamdalah gbé fóònù. Kò wọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ariwo jẹnẹrétọ̀ sì gba gbogbo ilé.

“Charity,” ó wí, “ṣé o ti jẹun?”