Ẹsẹ Kẹrin

1.

...nítorí náà mo tún kà á. Ẹsẹ kan. Ẹsẹ méjì. Ẹsẹ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni Onígìtá kọ ìkẹrin, mo sì dìde dúró láàrin èrò bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀.

N kì í dìde láàrin èrò.

2.

ÌKÉDE, LÁRA ILẸ̀KÙN ṢỌ́Ọ̀BÙ KÁFÍŃTÀ

ONÍGÌTÁ YÓÒ KỌRIN NÍHÌN-ÍN LÓNÌÍ, AAGO MẸ́RIN ÌRỌ̀LẸ́.
OGÓJÌ ÀGA PÉRÉ.
ÀGA TÍ Ẹ BÁ JÓKÒÓ LÉ WÀ FÚN TÍTÀ. Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ MÁ MÌ Í.
FÁNÍÌṢÌ ÀWỌN TÓ WÀ LẸ́YÌN KÒ TÍÌ GBẸ.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń tún àṣìṣe ṣe ní ilé ìtẹ̀wé. Mo yọ pẹ́ńsù, mo fi àmì sórí ọ̀rọ̀ méjì. Káfíńtà ń wò mí.

3.

Ohun tí mo mọ̀ dájú:

Ìyàwó mi kú ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Orin arìnrìn-àjò ló fẹ́ràn jù nínú gbogbo orin Onígìtá.

Ẹsẹ mẹ́ta ló wà nínú àwo rẹ̀.

Bí ìyàwó mi bá ń lọ aṣọ, mẹ́rin ló máa ń kọ. Mo máa ń sọ fún un pé, "Mẹ́ta ni." Á rẹ́rìn-ín. Á tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì mi.

5.

Ọ̀rọ̀ tí ọmọbìnrin mi fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi láàárọ̀:

"Bàbá mi, ẹ kú ojúmọ́. Ìwé ìwọlé yín wà lábẹ́ rédíò. Ẹ má jẹ́ n gbọ́ pé ẹ ò kúrò lórí ìtẹ́ yín o."

Mo fèsì: "Mo ti gbọ́."

"Kẹ́ ẹ sì wọ bàtà tó bára mu."

Mo wo bàtà ẹsẹ̀ mi.

6.

Ẹsẹ náà rèé. Bí Onígìtá ṣe kọ ọ́ nìyí. Bí ìyàwó mi ṣe ń kọ ọ́ náà nìyí.

     Bó o bá dé, tó ò bá mi nílé,
     má ṣe bi ará ilé kejì.
     Kọ́kọ́rọ́ wà níbi tí o kì í wò.

Mo ti rò pé òun ló fi tirẹ̀ kún orin olórin. Ogún ọdún ni mo fi rò bẹ́ẹ̀.

7.

Ẹni tó jókòó tì mí jẹ́ télọ̀. Téépù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

ÈMI: Ẹsẹ mélòó ló kọ?
TÉLỌ̀: Mẹ́ta ni. Mo mọ orin yẹn bí ẹní mowó.
ÈMI: Ó kọ ìkẹrin.
TÉLỌ̀: Bàbá, ẹ má bínú o. Ẹ ti sùn lọ nígbà yẹn. Ẹ ń hanrun. Èmi ni mo fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ yín tẹ́ ẹ fi fò dìde.
ÈMI: N kì í hanrun.
TÉLỌ̀: Ó dáa. A jẹ́ pé àga yín ló ń hanrun.

8.

Bí ẹsẹ kẹrin kò bá sí, orí mi ló ń kọrin.

Bí ó bá wà, ìyàwó mi ti jókòó nínú irú yàrá báyìí rí. Láìsí èmi.

N kò mọ èyí tí mo fẹ́.

9.

Lẹ́yìn orin, nídìí pákó tí wọ́n tò jọ.

ÈMI: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹsẹ kẹrin tí ẹ kọ yẹn...
ONÍGÌTÁ: Ṣé mo kọ ọ́ ni?
ÈMI: Mo gbọ́ ọ.
ONÍGÌTÁ: (ó ń nu okùn gìtá) Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. N ò kọ ọ́ sínú àwo rí. Bí yàrá bá kéré, tí mò ń rí ojú èèyàn, ó máa ń yọ́ jáde. Ewú ti gba orí, ẹ̀gbọ́n. N kì í mọ èyí tó jáde àti èyí tó kù sínú mọ́.
ÈMI: Obìnrin kan. Ó ní èjí. Bó bá ń rẹ́rìn-ín, á fọwọ́ bo ẹnu. Ṣé ẹ rántí rẹ̀?
ONÍGÌTÁ: Ẹni tó ní èjí kì í bo ẹnu, ẹ̀gbọ́n. Ta ló ní kó máa bò ó?

Mo yọ fóònù mi, mo pe ọmọ mi.

10.

Lórí fóònù.

ỌMỌ: Màmá? Lọ síbi orin? Ta ló máa gbà fún wọn?
ÈMI: Kí lo sọ?
ỌMỌ: Ẹ má bínú, Bàbá. Màmá kì í lọ síbì kankan. Ọjọ́bọ̀ nìkan ni wọ́n ń jáde, wọ́n ń lọ kọ́ aṣọ rírán.
ÈMI: Ṣé ìyá rẹ mọ aṣọ rán?
ỌMỌ: Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì yín tó já nígbà tí Màmá ṣì wà, ta ló bá yín rán an?
ÈMI: Mo gbé e fún télọ̀ ni.

11.

Ọjọ́bọ̀ ni òní.

4.

Mo ti padà délé. Mo ti wo abẹ́ ibùsùn. Mo ti tú àpótí aṣọ rẹ̀. Mo ti wo inú báàgì rẹ̀, mo sì dá gbogbo nǹkan padà bí mo ṣe bá a.

Páálí àwo orin náà wà níbi tó máa ń wà. Iwájú rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. N kò rò pé mo yí i padà rí.

Mo yí i padà.

Nísàlẹ̀, pẹ́ńsù, ọwọ́ mi, kò sí àní-àní:

     Ẹsẹ mẹ́ta ni. Kò sí ìkẹrin.

N kò rántí ìgbà tí mo kọ ọ́. Lábẹ́ rẹ̀, bíírò, ọwọ́ ìyàwó mi:

     Ó wà. Dìde, ká jọ lọ gbọ́ ọ.

Kò kọ ọjọ́ sí i.

Mo jókòó. Mo ka ìlà méjèèjì bí a ṣe ń kà á nílé iṣẹ́, lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. Níbi tí àṣìṣe bá wà, iṣẹ́ mi ni láti fa ìlà sí i.

Mo ṣì di pẹ́ńsù náà mú.