Okùn Pupa Ọrùn Ọmọlangidi

Itọ́ la fi ń nu nǹkan àtijọ́. Ẹ má yínmú sí mi o, iṣẹ́ mi ni mò ń sọ. Ẹ ó wé òwú mọ́ orí igi tín-ín-rín, ẹ ó fi kan ahọ́n, ẹ ó rọra yí i lára nǹkan náà, ìdọ̀tí ọjọ́ pípẹ́ á sì ṣí kúrò. Òwú tó bá ti kan nǹkan ò gbọdọ̀ padà sẹ́nu mọ́. Yàrá ẹ̀yìn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni mo ti ń ṣe é, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ohun tí wọ́n hú nílẹ̀ oríṣiríṣi wá: fìtílà alámọ̀ láti ìlú tí yanrìn bò, ìlẹ̀kẹ̀ láti inú ibojì ọba, àwo tó ti fọ́ wẹ́wẹ́.

Èyí tó bá ní okùn pupa lára nìkan la kì í fi itọ́ nù. Àwọn tó ṣáájú wa nídìí iṣẹ́ yìí máa ń bu májèlé sára igi àti awọ, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Májèlé náà ò ní òórùn, ojú ò sì lè rí i, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀ títí dòní. Bébà àyẹ̀wò ló ń fi í hàn; tí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, okùn pupa yẹn nìkan la fi ń mọ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ilé ìwé ti gba ìsinmi, mo bá mú ọmọ mi dání lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà là ń pè é, torí kò sọ́rọ̀ tí kì í dá sí. Mo fún un ní bébà àti bírò, mo ní kó má fọwọ́ kan nǹkan kan, mo yíjú sí fìtílà mi. Nígbà tí màá fi bojú wẹ̀yìn, ó ti wé òwú mọ́gi, ó gbé ọmọlangidi onígi kan lé ẹsẹ̀, ó sì ń nù ún lójú jẹ́jẹ́.

Mo fò dìde. Mo yẹ ọrùn ọmọlangidi náà wò: kò sí okùn. Mo mí kanlẹ̀.

“Ta ló ní kó o fọwọ́ kàn án?”

“Bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é ni mo ṣe é.”

Ẹ̀rín pa mí. Ibi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín ni onífọ́tò tó ń ya àwọn nǹkan wa ti wọlé, ó na ọwọ́ sí mi. Okùn pupa kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi so ó padà. Ó ń ba fọ́tò jẹ́ ni mo ṣe tú u.”

“Lára kí ni?”

Ó wo tábìlì. Òòyà onígi kan wà níbẹ̀, ọmọlangidi ṣì wà lẹ́sẹ̀ ọmọ mi. “Mo rò pé òòyà ni.”

“O rò? O rò kẹ̀! Ṣé orí ẹ pé ṣá?”

Mo ti gbé ọmọ dé ìdí omi kó tó dáhùn. Mò ń bu omi sí i lẹ́nu, mo ní kó máa tutọ́, omi ń dà sí i lára. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù tí kò bà mí rí láyé mi. Ọ̀gá wa, Màmá Awò, tí awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò, sáré jáde.

“Gbé e lọ sílé ìwòsàn! Màá fi bébà àyẹ̀wò wo méjèèjì, màá pè ẹ́. Tí bébà bá ti dúdú, májèlé ni.”

Ìyá Àgbà ní àfi kóun mú báàgì òun. Mo ní kó yára. Nínú takisí, ó tẹrí bọ inú báàgì náà. Mo rò pé ẹkún ló ń sun, mo ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, mo sì ń jágbe mọ́ dírẹ́bà.

Nílé ìwòsàn, mo ṣàlàyé fún dókítà, ó bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ló dá òwú kan náà padà sẹ́nu.

“Rárá o! Òwú tó bá ti kan nǹkan kì í padà sẹ́nu.” Ó tú àpò aṣọ rẹ̀, gbogbo òwú tó lò ló wà níbẹ̀.

Dókítà rẹ́rìn-ín. “Ìyá Àgbà lóòótọ́.”

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń sunkún, mo ń dúpẹ́. Fóònù dún. Màmá Awò ni.

“Òòyà mọ́. Bébà rẹ̀ funfun báláú.”

Ọmọlangidi ló ní okùn pupa, nígbà náà. “Kò burú, mà. Kò dá òwú padà sẹ́nu.”

“Ọlọ́run ṣeun! Ṣùgbọ́n ibo lo gbé ọmọlangidi sí? A ti wá a títí.”

Mo wo báàgì. Mo ṣí i. Ọmọlangidi ló nà gbalaja nínú rẹ̀, gbogbo ojú rẹ̀ tutù fún itọ́.

“Ẹ ń pariwo, ẹ̀rù ń bà á,” ni ọmọ mi wí. “Mò ń fẹnu kò ó lẹ́nu kó lè dákẹ́. Bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe fún mi.”

Dókítà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó kígbe pe nọ́ọ̀sì, wọ́n gbé ọmọ mi sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà, wọ́n ń tì í lọ, mo ń sáré tẹ̀ lé wọn. Lẹ́nu ọ̀nà kan, wọ́n ní ibi tí mo máa dúró nìyẹn.

Ìyá Àgbà na ọwọ́ méjèèjì sí mi. “Mọ́mì, ẹ̀rù ń bà mí.” Ó gbé ẹnu sókè.

“Ìyá ọmọ, ẹ má ṣe é o!” nọ́ọ̀sì pariwo. “Májèlé wà lẹ́nu rẹ̀!”

Mo gbọ́. Mo fẹnu kò ó lẹ́nu, mo sì dì í mú. Bí wọ́n ṣe gba àwa méjèèjì wọlé nìyẹn.